Èéfín Sìgá Nílé Oúnjẹ: Ṣé Fáànù Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Rẹ̀?



Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe èyí tí a jókòó tí a ronú kàn fúnra wa. Wọ́n gbé e wá bá wa ni. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ní ilé oúnjẹ kan ní Òṣogbo nítòsí ibi tí ọkọ̀ Iléṣà ti ń kérò, ni ó dìde lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Aláàdì kan, tí ó ní òun fẹ́ kí àwọn àáfà àti àwọn tí ó kàwé láàárín wa bá òun dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ní àwọn oníbàárà òun, pàápàá àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò, a máa fẹ́ tan sìgá bí wọ́n bá ti jẹun tán. Òun kì í ta ọtí, òun kì í sì í ta sìgá. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní kí wọ́n jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lódìkejì títì ni wọ́n ń gbà lọ, wọn kì í sì í padà wá. Nítorí náà òun ti ra ẹ̀rọ ńlá méjì tí ń fa èéfín síta, òun ti lu ògiri, òun ti dè wọ́n sókè, òun sì ti fi aṣọ títa pín gbọ̀ngàn náà sí méjì: ìhà kan fún àwọn amusìgá, ìhà kejì fún àwọn tí kì í mu ún. Ó wá wò wá lójú, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣe ojúṣe mi. Ẹ̀rọ ń gbé èéfín lọ. Ta ni mo tún ṣẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí a rò ó lọ rò ó bọ̀, a rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ọkùnrin yìí kò wá bèèrè bí òun ṣe lè rú òfin. Ó wá bèèrè bí òun ṣe lè ṣe rere kí oúnjẹ má bọ́ lẹ́nu òun. Ó sì ti ná owó.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ó kan Mùsùlùmí pẹ̀lú èéfín sìgá nílé oúnjẹ àti nílé ọtí. Ẹni tí kò bá lọ síbẹ̀, èéfín kò ní bá a. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ta bíà lálẹ́ ni wọ́n ti ń ta ìrẹsì lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dúró de èsì JAMB ni wọ́n ń gbé àwo níbẹ̀. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni a ń gbà fún wòlímọ̀. A lọ síbi ìsoyìgì kan ní Iléṣà, tí wọ́n se gbogbo fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn ọkùnrin kan sì kó ara wọn jọ sí igun kan tí wọ́n ń fa sìgá. Ìyá ìkókó kan ni ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ dúró sínú oòrùn. Àwọn tí ń mu sìgá jókòó sábẹ́ òtútù, abiyamọ dúró lóòrùn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa, títí kan àwa tí a ń kọ ìwé yìí, tí ó ya ẹnu sọ̀rọ̀. Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́.

Sìgá kì í ṣe àlejò ní Òṣogbo rárá. Ní ọdún 1933 ni British American Tobacco dá ilé iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀, ti ìdánwò, kí wọ́n tó gbé èyí tí ó tóbi lọ sí Ìbàdàn ní 1937. Àwọn bàbá wa sì ti mọ tábà ṣáájú ìyẹn. Ẹlòmíràn ń fi ìkòkò mu ún, ẹlòmíràn ń fín áṣáà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti panu pọ̀ lórí rẹ̀. Tábà kò sí nílẹ̀ Lárúbáwá nígbà ayé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù débẹ̀ ní 1492. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ahmad Baba ti Timbuktu, àgbà onímọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, ọmọ mázíhábì Màlíkì tí àwa náà ń tẹ̀ lé, tí ó kú ní 1627, kọ ìwé pé òun kò rí ẹ̀rí tí a fi lè kà á léèwọ̀. Ali al-Ujhuri ní Íjíbítì wà ní ìhà kan náà. Ṣùgbọ́n Ibrahim al-Laqani, tí òun náà jẹ́ Màlíkì ní Íjíbítì, kọ̀ jálẹ̀, ó ní haraamu ni. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Wọn kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú èéfín náà. Ẹni tí ó ní kò léèwọ̀ rí i pé kì í pani bí ọtí, kò sì rí ẹni tí ó mu ún lówùúrọ̀ tí ó kú lálẹ́. A kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ òní bú àwọn ẹni àná. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ bá ti wá dé, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ wọn ṣe ibi ìfarapamọ́ sí.

Ìmọ̀ sì ti dé. Ní 1981 ni onímọ̀ ará Japan kan, Takeshi Hirayama, gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àwọn aya tí iye wọn lé ní 91,000, tí wọn kò mu sìgá rí. Ó rí i pé àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ń pa jù, bí ọkọ bá sì ti ń mu ún tó ni ewu aya ń pọ̀ tó. Inú ilé tiwọn ni wọ́n jókòó sí o! Láti ìgbà náà àwọn ẹ̀rí mìíràn ti gorí rẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé sì ka àwọn tí kì í mu sìgá, tí èéfín ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún, sí iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nínú ọ̀rọ̀ sìgá, kì í ṣe hẹ̀rẹ̀-hùrù nìkan ni ará ilé ń fara gbá. Kòkòrò náà gan-an ni wọ́n jọ ń jẹ.

Nítorí èyí ni ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ní Indonesia ṣe ní 2009 fi wù wá. Wọn kò fẹnu kò lórí sìgá lápapọ̀. Àwọn kan ní màkírúù ni, àwọn kan ní haraamu. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò pé haraamu ni fún ọmọdé, haraamu ni fún aboyún, haraamu sì ni fún ẹnikẹ́ni láti mu ún níbi tí èrò wà. Ẹ wo bí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Ohun tí ọkùnrin ń fi ara rẹ̀ ṣe, wọ́n lè jiyàn lé e lórí. Ohun tí ó ń fi ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Arákùnrin wa kò jiyàn gbogbo èyí. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rọ òun ti mú ẹlòmíràn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ẹ̀rọ náà ni a gbọ́dọ̀ lọ wò.

Ọ̀sán Sátidé ni a lọ, àwa márùn-ún. Àmàlà dára, kí á má purọ́. A jókòó sí ìhà àwọn tí kì í mu sìgá. Ẹ̀rọ méjèèjì ń kùn bí agbọ́n. Nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tan sìgá níhà kejì, lóòótọ́ ni a rí èéfín tí ó ń gòkè tí ó ń forí lé ihò ara ògiri, arákùnrin wa sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pẹ́, iná lọ. (NEPA ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2013 ni ìjọba ti tà á fún àwọn aládàáni.) Kí ọmọ iṣẹ́ tó rí epo bẹtiróò rọ sínú jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá, èéfín sì ti gba abẹ́ aṣọ títa wá bá wa nídìí àwo. Iná sìgá kì í bá ti NEPA lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ iná lásán nìyẹn, pé bí iná bá dúró, ẹ̀rọ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Fáànù kì í ṣa èéfín kúrò nínú afẹ́fẹ́ bí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ńṣe ni ó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta kí tuntun lè wọlé wá dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó kù. Ìyẹn ni pé ó ń bomi là á. Ẹni tí ó bá bu májèlé sínú àgbá omi, tí ó ń tú díẹ̀ dànù níhìn-ín tí ó ń da omi tuntun sí i lọ́hùn-ún, nígbà tí ẹnì kan ṣì dúró tì í tí ó ń bu májèlé sí i, omi rẹ̀ lè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n àwa kò ní mu ún. Àwọn ẹ̀rún inú èéfín sìgá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Wọn kì í tètè balẹ̀, ojú kò sì rí wọn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ti tàn káàkiri. Àwọn gáàsì tí ó bá wọn rìn tilẹ̀ ń gba inú asẹ́ kọjá. Ní ti ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì wa ń fi sára ògiri, kì í gba afẹ́fẹ́ tuntun rárá. Ti inú ilé kan náà ni ó ń yí po tí ó ń mú tutù. Àwọn tí ó jókòó ṣe ìṣirò bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó kí ewu tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí ara lè gbà rí i pé irú ìjì tí yóò gbé àwo kúrò lórí tábìlì ni yóò jẹ́.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àti afátẹ́gùn ní Amẹ́ríkà, ASHRAE, ni wọ́n kéde ní 2005 pé ohun kan ṣoṣo tí ó lè mú ewu èéfín sìgá kúrò nínú ilé pátápátá ni kí a má mu ún níbẹ̀. Fáànù ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí o. Bí ẹni tí ń rán aṣọ bá ní aṣọ òun kò bo ìhòòhò, ta ni yóò bá a jiyàn? Ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ ní 2006. Ní 2007 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí tábà, tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 2005, gbà á ní ìlànà pé fáànù, asẹ́ afẹ́fẹ́ àti yàrá àwọn amusìgá kò tó láti dáàbò bo ènìyàn.

Ta ni ó wá ń ta ọgbọ́n fáànù fún àwọn onílé oúnjẹ? Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn lókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ńláńlá bíi Philip Morris náwó láti polongo pé kí amusìgá àti ẹni tí kì í mu gba ara wọn láyè, kí ẹ̀rọ afátẹ́gùn sì parí ìyókù. Ìwé inú ilé wọn, tí ẹjọ́ mú kí wọ́n tú síta ní Amẹ́ríkà láti 1998, fi hàn pé kí òfin má baà dé ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri. Arákùnrin wa kò mọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà kí ó tó dé ẹnu rẹ̀, ó sì ti dà bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Ní ti òfin tiwa, Àṣẹ ìjọba ológun tí ó jáde ní 1990 dárúkọ ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ èrò àti pápá ìṣeré. Òfin tábà ti 2015 wá dárúkọ ilé oúnjẹ àti ilé ọtí pẹ̀lú. Òfin kan náà ní kí wọ́n má ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá gba ọjà Àtàkúnmọ̀sà kọjá ní Iléṣà, tàbí Olú-Òde ní Òṣogbo, kí ó sọ fún wa bóyá àwọn tí ń ta ẹyọ kan ti gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká arákùnrin wa lára nìyí: òfin tí ẹnikẹ́ni kò mú lò, olóòótọ́ nìkan ni ó ń nà. A lọ bá ẹni tí ó wà lódìkejì títì. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ó sì ń ta bíà. Ó dá wa lóhùn dáadáa. Ó ní bí gbogbo wọn bá jọ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà, òun náà á dúró, nítorí òun fúnra òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ òun kò ní kọ́kọ́ ṣe é. Ohun tí arákùnrin wa sọ gan-an ni òun náà sọ. Àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù ara wọn, amusìgá sì jókòó sáàárín wọn bí ọba. Ní Ireland, nígbà tí òfin dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2004, gbogbo ilé ọtí ni ó kàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Scotland, òfin wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ní ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kà á, iye àwọn tí wọ́n gbé wọlé nítorí ìkọlù ọkàn fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún kan.

A ti mú ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ títí dé ibí. Ọmọdébìnrin kan ni ó gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́jọ́ Sátidé náà, kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Kò sí aṣọ títa fún òun. A kà á: ìgbà mẹ́rìnlá ni ó wọ ìhà àwọn amusìgá kí a tó jẹun tán. Ó ń wúkọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. A bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Rárá o, ẹ̀yin bàbá mi, ó ti mọ́ mi lára.”

Nígbà tí a sọ èyí fún arákùnrin wa, ó ní òun kò fi tipátipá mú un, pé ó mọ̀ pé wọ́n ń mu sìgá níbẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tí ó ń wá owó ilé ìwé bá gbà láti ṣiṣẹ́ nínú èéfín, ebi ni ó ń bá a fọwọ́ síwèé. Ní Kánádà, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Heather Crowe, tí ó fi nǹkan bí ogójì ọdún gbé oúnjẹ fún ènìyàn nínú ilé oúnjẹ eléèéfín. Kò mu sìgá rí. Ní 2002 wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó lo ọjọ́ tí ó kù fún un láti máa jà fún àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ó sì kú ní 2006. Kí ó tó di pé àìsàn dé, ó ti mọ́ òun náà lára.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, kò jẹ́ kí á fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ó ní, “Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ kan lọ́la tí kò ní jẹ́ kí èéfín kankan kọjá ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ yín á yí padà, àbí ẹ kàn kórìíra sìgá ni?” Ìbéèrè gidi ni. Nínú ìmọ̀ fíkíhì, ìdájọ́ a máa bá ìdí rẹ̀ rìn. Bí ìdí bá kúrò, ìdájọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn á kúrò. Nítorí náà ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé lóòótọ́, ẹjọ́ ti ẹlòmíràn á tán, ẹjọ́ ti amusìgá pẹ̀lú ara rẹ̀ àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni yóò kù. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àìsàn bojú fún ohun tí a kàn kórìíra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ náà ti dé ni kí ó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ọmọ tí ń wúkọ́ ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri. Kí ó sì sọ fún wa ẹni tí yóò wọ yàrá náà láti kó eérú sìgá jáde.

Àáfà wa mú hádíìsì méjì wá síbẹ̀. Èkíní ni ti áyù. Áyù jẹ́ halaali, oògùn ni pàápàá, síbẹ̀ Ànábì wa kò fẹ́ kí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní tútù wá sí mọ́sálásí, nítorí òórùn rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Òórùn lásán ni ìyẹn! Ìkejì ni ti àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn kan wà lókè tí àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gòkè lọ pọn omi, wọ́n sì rò pé ó sàn kí àwọn dá ihò lu sí apá tiwọn kí àwọn má baà máa yọ àwọn ará òkè lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé èrò rere ni wọ́n fi fẹ́ lu ihò náà, apá tiwọn náà sì ni wọ́n fẹ́ lù. Arákùnrin wa, tí ó ti lu ògiri rẹ̀ síhà méjì, gbọ́ ìtàn náà dé ìparí, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó wá sọ nígbà tí a fẹ́ túká, ó sì dùn wá nítorí òótọ́ ni. Ó ní, “Ẹ̀ ń sọ ti sìgá. Àwọn ìyá tí ń fi igi dáná lẹ́yìn ilé mi ńkọ́? Ta ni ó ti kọ̀wé nípa tiwọn?” A kò rí ìdáhùn kíákíá. Èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bákan náà. Ọ̀dọ́ wa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó sọ pé ibẹ̀ gan-an ni fáànù ti lè wúlò díẹ̀, nítorí ààrò kì í rìn. Ojú kan ni iná rẹ̀ wà, a lè gbé ìbòrí àti ẹ̀rọ sí orí rẹ̀ gan-an kí èéfín tó dé imú ẹnikẹ́ni. Sìgá ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó ti ẹlòmíràn.

Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni a tún gba ibẹ̀ kọjá. Aṣọ títa kò sí mọ́. Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì méjì sí ìta, lábẹ́ igi máńgòrò, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ tí ó ń fa sìgá rẹ̀. Arákùnrin wa ní òun pàdánù àwọn oníbàárà kan, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń wọlé jẹun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òun kò tíì mọ èyí tí ó pọ̀ jù. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ méjèèjì ti wà lókè ààrò, wọ́n ti fi páànù ṣe ìbòrí sí wọn, àwọn ìyá méjì sì ń ro àmàlà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ojú òun kì í ṣomi mọ́, àfi bí NEPA bá mú iná lọ.